Àǹpúlù Funfun ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àlúkò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Bàbá Àlúkò jẹ́, orí ni kó lọ bi. Orí àwọn ọmọ Tchaourou ìlú wa ni mo ń wí. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ ní àdúgbò wa yìí, ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n bá fẹ́ sọ lórúkọ nítòsí, abẹ Bàbá Àlúkò ló máa ń kọ́kọ́ kan irun rẹ̀. Kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Onígbàgbọ́ ni èmi àti Adéyẹmí ọkọ mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ọkùnrin, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ti ń fárí títí tí wọ́n fi hu irùngbọ̀n. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá, bàbá tó bí wọn lọ́mọ náà sì ṣe iṣẹ́ yìí kó tó kú.

Nígbà tí ara wọn ṣì le, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń lọ sí Alafiarou, wọn a sì dé Kika lọ́hùn-ún, abẹ nínú àpò awọ, ọṣẹ nínú agolo. Wọn a fárí ọmọ ọjọ́ méje, wọn a gba obì àti adìẹ, wọn a sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí wọ́n fi ń yangàn láyé yìí, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó kò kan abẹ wọn rí. Mo lè jẹ́rìí sí i. Mo ti rí onígbàjámọ̀ tó fárí ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni tó ń bẹ iṣu, tí ìyá ọmọ ń sunkún, tí ọmọ ń sunkún. Ọmọ tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ Bàbá Àlúkò, oorun ló máa ń sùn.

Ògiri kan ló la ilé wọn àti ilé wa. Àṣàkẹ́, ìyàwó wọn, ọ̀rẹ́ mi ni, ẹgbẹ́ sì ni wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró, àfi ibì kan péré tí ọkọ mi sọ fún mi, ibẹ̀ náà sì ni ẹnu rẹ̀ ti bá wa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Àǹpúlù iná mànàmáná kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá, irú ti àtijọ́ tí iná rẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó sì máa ń gbóná débi pé kòkòrò tó bá fara kàn án á jóná. Wáyà rẹ̀ gùn ju ti ilé ẹnikẹ́ni lọ. Ó rọ̀ wálẹ̀ láti òkè àjà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fìlà ẹni tó bá jókòó sórí àpótí lábẹ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ máa ń ráyè wá fárí, Bàbá sì ní àwọn fẹ́ kí iná sún mọ́ orí tí àwọn ń fá. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wáyà náà ń gùn sí i. Wọn a ní kí Moctar, àbíkẹ́yìn wọn, tún bá àwọn fà á wálẹ̀ díẹ̀. Àwa ní àgbà ló dé, ojú àgbà kì í ṣe ojú ọmọdé. A kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó sì ti pẹ́ tí ó jẹ́ pé tí o bá kọjá lẹ́bàá Bàbá láìsọ̀rọ̀, wọn kò ní kí ọ. Tí o bá kí wọn, wọn á ní kí o tún un sọ, pé etí àwọn ti ń di. Irọ́ gbáà ni. Etí wọn ń gbọ́ ìgbà tí àgbàdo bá bọ́ lọ́wọ́ mi ní àgbàlá tèmi. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wa tí ojú wa mọ́ kedere, kò sí ẹni tó rí ìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni Latifath, ọmọ ọmọ wọn, wá bímọ sílé. Ìyá Latifath kú nígbà tó wà ní kékeré, ọwọ́ Àṣàkẹ́ àti Bàbá ló dàgbà sí, Savè ló sì lọ́kọ sí. Obìnrin ló bí, àkọ́bí rẹ̀ sì ni. Ọmọ náà ló sọ Bàbá Àlúkò di baba ńlá. Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tí wọ́n ní láti sọ fún: irun tí ọmọ ilé Àlúkò bá gbé wáyé, ọwọ́ Àlúkò ló ń mú un kúrò. Àwọn àna náà ti gbọ́ òkìkí ọwọ́ yìí ní Savè, ìyá ọkọ Latifath sì ti ní òun ń bọ̀ wá fi ojú òun rí i.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ ni Moctar dé láti Tchatchou, níbi tó ti ń ta bátìrì, wáyà àti àpò fóònù lẹ́bàá títì. Ó gbé páálí kan dání tí àǹpúlù lẹ́ẹ̀dì kún inú rẹ̀. Ó ní àlejò máa pọ̀, kò yẹ kí ilé ṣókùnkùn. Ó ní àwọn àǹpúlù àtijọ́ yẹn ń jẹ iná bí ẹni tí kò jẹun láti àná, wọ́n sì ń fi ooru dá ilé láàmú; pé lẹ́ẹ̀dì kì í gbóná, kì í tètè kú, bí iná bá tiẹ̀ rẹlẹ̀ yóò ṣì máa tàn. Òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà ti pààrọ̀ tèmi, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ó lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń tú ti àtijọ́, ó ń fi tuntun sí i. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló fi ṣe àṣekẹ́yìn, nígbà tí Bàbá ti lọ kí ìrun Mọ̀gáríbì. Kò fọwọ́ kan wáyà gígùn yẹn, torí ó mọ̀ pé bàbá òun kò ní fẹ́ kí iná jìnnà. Ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má tan án.

“Surprise ni,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí Papa fúnra wọn tan án.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó nínú òkùnkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, tí à ń retí. Èmi àti Àṣàkẹ́ ń pa ẹ̀gúsí tí wọ́n máa fi se ọbẹ̀ àlejò, Latifath ń fún ọmọ lọ́mú, Moctar dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn. Gbogbo wa la fẹ́ rí ojú Bàbá nígbà tí iná funfun náà bá tàn.

Bàbá dé. Wọ́n gbé búùtà wọn sílẹ̀ níbi tó máa ń wà, wọ́n kí wa, wọ́n sì na ọwọ́ sí bọ́tìnì iná lára ògiri bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A rí okùn aláǹtakùn ní igun àjà, a rí gbogbo ibi tí ògiri ti là. Ọmọ ọwọ́ Latifath di ojú pinpin. A gbé ojú sókè wo Bàbá.

Kò sí ohun tó yí padà ní ojú wọn. Ojú wọn là sílẹ̀, ó kọjú sí àǹpúlù náà gan-an, wọn kò sì ṣẹ́jú. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n yí ẹ̀yìn ọwọ́ sí àǹpúlù bí obìnrin ti máa ń yẹ ìkòkò wò bóyá ó ti gbóná. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n fi ìka kàn án, ó tutù. Wọ́n padà sídìí bọ́tìnì, wọ́n pa á, iná kú; wọ́n tún tan án, iná tún tàn, wọ́n sì tún na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i.

“Iná ò sí,” ni Bàbá wí. “Àṣàkẹ́, bá mi tan fìtílà. Mo fẹ́ pọ́n abẹ ọ̀la.”

Ẹ̀rín ti bọ́ kúrò lẹ́nu Moctar. Latifath fa ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì ń wo mí, bí ẹni pé èmi ni màá sọ fún un pé ohun tó rí kọ́ ló rí. Àṣàkẹ́ nìkan ló dìde. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó wọlé, ó gbé fìtílà karosíìnì jáde, ó ṣá ìṣáná sí i, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn, ekukáká la fi rí ahọ́n iná fìtílà náà. Bàbá na ọwọ́ sí i, ooru rẹ̀ kàn wọ́n, wọ́n mi orí.

“Ó ti tàn báyìí,” ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n abẹ.

Omi lé ròrò sí mi lójú. Àánú Bàbá ṣe mí, àánú Àṣàkẹ́ sì ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀nà tó gbà gbé fìtílà yẹn wá, kì í ṣe ọ̀nà ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá lójijì.

Nígbà tí Bàbá tún jáde lọ kí ìrun Ìṣáì, Latifath kó wa wọ yàrá. Ó ní kí ìyá rẹ̀ àgbà sọ òótọ́. Àṣàkẹ́ sì sọ ọ́. Ojú kan ló kọ́kọ́ lọ, ìkejì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Dókítà kan ti wò wọ́n, ó ní wọ́n ti pẹ́ jù kí wọ́n tó wá. Láti ìgbà òjò tó kọjá, Bàbá kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ooru àǹpúlù yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí, kí wọ́n má baà fárí fún oníbàárà nínú òkùnkùn kí àṣírí tú. Tó bá jẹ́ orí ọmọ ìkókó ni, Àṣàkẹ́ a jókòó tì wọ́n, a máa bá wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pé ó ku apá òsì, pé ẹ fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ọwọ́ wọn kò sì ṣì rí. Bàbá ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnì kan, kódà Moctar.

Latifath ní òun kò lè gbé ọmọ òun síbẹ̀. Ó ní orí ọmọ ọjọ́ méje ni, pé àwùjẹ̀ rẹ̀ ṣì ń mí sókè sódò, gbogbo ènìyàn ló rí i. Ó ń sunkún bó ti ń sọ ọ́. Ìgbà náà ni Àṣàkẹ́ ṣe ohun tí n kò rí kí àgbàlagbà ṣe rí: ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀.

“Iṣẹ́ abẹ yìí ló kù fún un láyé,” ó ní. “Tí o bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn àna, Latifath, bàbá àgbà rẹ kò ní lò tó ọdún kan mọ́.”

Mo fà Àṣàkẹ́ dìde. Mo sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Latifath dojú dé orí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Moctar ti rí ọgbọ́n tirẹ̀ dá. Ó ti lọ wá àǹpúlù àtijọ́ náà rí níbi tó jù ú sí, ó nu eruku ara rẹ̀, ó tú lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò, ó sì fi ti àtijọ́ padà sí i. Ó ní bí Papa bá dé, ooru á kàn wọ́n, wọ́n á rò pé iná ti padà dé ni. Ọkùnrin tó ti ń fi lẹ́ẹ̀dì yangàn láti ọ̀sán ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá òkùnkùn padà sílé bàbá rẹ̀. Ǹ bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ṣe é rẹ́rìn-ín sí.

Àmọ́ àṣírí náà ti tú kó tó dé ìdí àǹpúlù. Adéyẹmí ọkọ mi ló tú u, kò sì mọ̀. Ó jókòó síwájú ilé wa, rédíò lórí itan, nígbà tí Bàbá ń kọjá lọ sí mọ́sálásí. Bó ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní èrè, ó kí wọn, ó ní, “Bàbá, ilé yín mà mọ́lẹ̀ lónìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí èèrà lára ògiri yín láti ibí.” Ó ní Bàbá dúró. Wọ́n bi í pé láti ìgbà wo ni. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá ti kírun Mọ̀gáríbì dé ni, pé àwọn lẹ́ẹ̀dì tuntun Moctar yìí dáa púpọ̀. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó kí mi, wọ́n sì lọ. Ìgbà tí a ń jẹun ló tó sọ ọ́ fún mi. Mo dìde kí n lọ sọ fún Àṣàkẹ́, mo tún jókòó. N kò mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, inú Àṣàkẹ́ tiẹ̀ ń dùn díẹ̀. Ó ní nígbà tí Bàbá dé láti ìrun, wọ́n na ọwọ́ sí àǹpúlù, wọ́n ní, “Iná ti dé,” wọ́n sì lọ sùn. Ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti bò. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé Bàbá náà ti ń bò ó fún un.

Àwọn àna dé láti Savè, alùfáà dé, wọ́n so àgbò mọ́ ìdí igi kajú. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku bo ojú ọ̀run, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì dúdú bí ẹni pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, bí àǹpúlù àtijọ́ náà tiẹ̀ ń tàn. Bassirou náà wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, tó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́bàá gáráàjì báyìí. Bàbá wọ aṣọ funfun. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀, omi wà ní ọ̀tún wọn, abẹ wà lórí aṣọ tó mọ́.

Latifath jáde sí wa. Ojú rẹ̀ wú. N kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe títí ó fi kúnlẹ̀ tó sì gbé ọmọ náà lé Bàbá lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ ọrùn ọmọ, kò mú un kúrò. Inú bí mi sí Latifath. Inú bí mi sí Àṣàkẹ́ tó ti ń sún mọ́ Bàbá láti máa sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Àwọn àna ń kí Bàbá kú iṣẹ́, èmi ń wo abẹ.

Bàbá fi omi pa orí ọmọ náà. Ìka wọn lọ láti iwájú orí dé ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, wọ́n sì dúró lórí àwùjẹ̀ tó ń mí. Wọ́n mú abẹ, wọ́n ṣí i. Ọwọ́ òsì wọn wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ọmọ láti dì í mú, ibẹ̀ ló ti pàdé ọwọ́ Latifath. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Bàbá di ọwọ́ náà mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n pa abẹ dé.

“Latifath, o mọ̀ pé n kò ríran.”

Latifath wo ilẹ̀.

“O mọ̀, o sì gbé e wá fún mi.”

“Ẹ̀yin lẹ fá tèmi, Bàbá àgbà,” ni Latifath wí.

Bàbá gbé ojú sókè. Wọ́n fẹ́ kọjú sí àwọn àna, àmọ́ ògiri ni wọ́n kọjú sí, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ fún wọn.

“Ẹ̀yin àna wa, ojú mi ti kú. Ó ti pẹ́. Lánàá, àwọn ará ilé mi tan fìtílà fún mi lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, torí wọn ò fẹ́ kí ojú tì mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n n kò lè fi orí ọmọ yìí san oore wọn.”

Wọ́n pe Bassirou. Bassirou dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò tó bẹ́ẹ̀, Bàbá sì na abẹ sí i títí ó fi gbà á. Wọ́n wá bi í bóyá ó ń ríran dáadáa níbi tó wà. Ó ní ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Bàbá ní, “Moctar, lọ gbé àǹpúlù rẹ tuntun padà síbẹ̀. Bassirou nílò rẹ̀.” Moctar tú ti àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń jóná, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì sí i. Àṣàkẹ́ ti fi gèlè bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Orí ẹsẹ̀ Bàbá náà ni Bassirou ti fárí ọmọ náà. Ó fá a dáadáa, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Bàbá kàn tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí abẹ ti ń lọ. Alùfáà ṣe àdúrà, wọ́n sọ ọmọ náà ní Chadia. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ṣe àmín tán, Bàbá ní, “Ta ló jọ?”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí ni Bàbá ti ń gbé e mọ́ra, ẹnu wọn kò gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Latifath yára dáhùn pé Bàbá ni ó jọ, àwọn àna sì ń gbè é lẹ́sẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi orí.

“Má ṣàánú mi. Wò ó dáadáa, kí o sọ fún mi.”

Latifath tẹrí ba wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

“Ìyá ọkọ mi ló jọ,” ó ní. “Imú rẹ̀ gbòòrò bíi tiwọn. Iwájú orí rẹ̀ yọ síta. Ó pọ́n díẹ̀, àmọ́ ṣóńṣó etí rẹ̀ ti dúdú, ó máa dúdú. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kò tíì hù tán.”

Bí ó ti ń dárúkọ ibì kọ̀ọ̀kan ni ìka Bàbá ń lọ síbẹ̀: imú, iwájú orí, etí. Nígbà tó kan ojú, wọ́n dá ọwọ́ dúró, wọn kò fi kàn án.

“Ṣé ó lajú?”

“Ó lajú, Bàbá àgbà. Ẹ̀yin ló ń wò.”

Bàbá tẹ orí wọn wálẹ̀ lábẹ́ iná funfun náà, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ kí ọmọ náà lè rí wọn.